Béèrè Lọ́wọ́ Aránṣọ: Wọn Kì Í Yí Ẹ̀wù Sódì Nínú Ìpolówó

Lẹ́tà tó dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Akẹ̀sán lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn: àwọn àwòrán aṣọ olówó ńlá tó ń já wọlé sórí fóònù yín láàárọ̀ lálẹ́. Mo mú mẹ́rin. Ti ọkọ ìyàwó ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí pé gbèsè ti fẹ́ wọ̀ ọ́.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí, ìgbéyàwó mi ku oṣù mẹ́ta. Mo rí ìpolówó agbádá kan lórí fóònù. Ọkùnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré, agbádá funfun ló wọ̀, àwọn kan ń gbé báàgì tẹ̀ lé e. Wọn ò kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní 380,000 náírà. Mo fẹ́ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Àfẹ́sọ́nà mi ní kí n má dán an wò. Èmi sì ń wò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ṣe é láyé mi. Kí lẹ rí sí i? — Ọkọ Ìyàwó, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Kí n tó sọ ohun tí mo rí sí i, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ní gbogbo ìgbà tí o fi wo àwòrán yẹn, ǹjẹ́ o rí ọrùn agbádá náà dáadáa? Ǹjẹ́ o rí ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? O sọ ti ọkọ̀ òfuurufú, o sọ ti báàgì, o sọ ti àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ohun kan ṣoṣo tí o sọ nípa ẹ̀wù ni pé ó funfun. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Bí àwọn tó ya á ṣe fẹ́ kí o wò ó nìyẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré níbí, ọmọ tó bá ń kiri ọ̀lẹ̀lẹ̀ á ké pé ó gbóná, á ké pé epo wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀. Ọjà gan-an ló ń pọ́n. Ibẹ̀ la ti rí ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ìpolówó. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún aṣọ olówó ńlá yàtọ̀ sí i pátápátá. Ó dákẹ́ lórí ọjà, ìgbé-ayé ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń ké. Wọn ò ní sọ irú òwú tó jẹ́, wọn ò ní sọ ẹni tó rán an, wọn ò sì ní kọ iye rẹ̀. Iye tí wọn ò kọ yẹn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń sọ: pé ẹni tó bá ní láti béèrè owó rẹ̀ kò tíì tó ẹni tí ń wọ̀ ọ́. Ìwọ béèrè, ojú tì ọ́. Ìtìjú yẹn gan-an ló ń tì ọ́ lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láti 1905, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ta kọ́là Arrow ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán kan, J. C. Leyendecker. Kọ́là lásán ni wọ́n ń tà o, irú èyí tí wọ́n máa ń yọ kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á fọ̀, tí wọ́n á lo sítáàṣì sí, kí wọ́n tó tún dè é padà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin inú àwòrán náà, àgbọ̀n rẹ̀ gún régé, ìdúró rẹ̀ dà bí ti ọmọ olówó tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìyà. Àwọn obìnrin ń kọ lẹ́tà sí i pé àwọn nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbì kankan, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló bí i.

Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jù ni ti ṣẹ́ẹ̀tì Hathaway. Ìlú Waterville, ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ni ilé-iṣẹ́ yẹn wà nígbà náà, wọ́n ní láti 1837 ni àwọn ti wà lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ wọn dára, àwọn tó mọ̀ wọ́n ò sì pọ̀. Ní 1951, wọ́n gbé ìpolówó wọn fún David Ogilvy, oníṣẹ́ ìpolówó kan. Bó ṣe ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ya fọ́tò, ó yà ra ìbòjú dúdú, irú èyí tí ẹni tí nǹkan ṣe ní ojú kan máa ń fi bo ibẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà fi sójú. Nǹkan kan ò ṣe ojú ọkùnrin ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣí ìwé ìròyìn The New Yorker lọ, tó dé ojú ìwé yẹn, á dúró. Ta lọkùnrin yìí? Ogun wo ló ti bọ̀? Irú ilé wo ló ń gbé? Lẹ́yìn èyí wọ́n tún yà á níbi tó ti ń darí àwọn olórin, níbi tó ti ń fi idà ṣeré, níbi tó ti ń wa katakata. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ti wà fún ọdún 114 wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá kiri. Mi ò ní purọ́ mọ́ Ogilvy: ó kọ̀wé sábẹ́ àwòrán náà nípa bí wọ́n ṣe rán ẹ̀wù yẹn, títí kan bọ́tìnnì. Mo bọ̀wọ̀ fún un torí èyí. Síbẹ̀, ìbòjú ni ayé rántí, wọn ò rántí bọ́tìnnì.

Má ṣe gbọ́ ọ bíi pé mo ní aṣọ kì í sọ nǹkan nípa ẹni o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, aṣọ là ń kí kí á tó kí èèyàn. Dàńdógó tí àwọn baba wa ń wọ̀, iyì rẹ̀ wà nínú pé kò ṣeé fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lè kọ ebè, kò lè gun ọ̀pẹ. Apá agbádá tí à ń ká lé èjìká, tó ń yọ́ bọ́ sílẹ̀, tí a tún ń ká, ìkáká yẹn ni ọlá gan-an, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ló ráyè rẹ̀. Mo ti ń rán agbádá láti 1984, n kì í sì í gé apá rẹ̀ kúrú fún ẹnikẹ́ni, kódà bí aṣọ ò bá tó, mo máa ń ní kó lọ ra sí i.

Ṣùgbọ́n nígbà ayé àwọn baba wa, àwọn tó rí ọ lọ́jà mọ ilé rẹ. Wọ́n mọ oko rẹ, wọ́n mọ ẹni tó hun aṣọ rẹ àti ẹni tó rán an. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni aṣọ ń jẹ́rìí sí. Èyí tó wà lórí fóònù fẹ́ kí aṣọ lọ jẹ́rìí níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńbẹ̀, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ta ni kò ní mọ̀ pé olùkọ́ ni ọ́? Àwọn òbí ọmọ tí ò ń kọ́ á wà níjòókòó. Olùkọ́ ni wọ́n wá yẹ́ sí. Kò sẹ́ni tó máa wò ọ́ níbẹ̀ tó máa rò pé ọkọ̀ òfuurufú lo bá wá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan gbé agbádá kan wá. Ilé ìránṣọ ńlá kan tí n ò ní dárúkọ ló ti rà á. Ó ní ọrùn rẹ̀ ń wú. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo yí i sódì. Gọ́ọ̀mù sítéè, aṣọ líle tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọrùn, ti ṣí kúrò lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí. Afẹ́fẹ́ ti kó sáàárín, ojú rẹ̀ rú gùdùgùdù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn náà, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n wọn ò so ìdí òwú. Mo fi èékánná fà á díẹ̀, ó ń tú bọ̀. Etí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò ká a mọ́nú. Aṣọ funfun tó dára ni o, ẹni tó hun ún ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá, mọ́tò tó wà nínú fọ́tò wọn ló wù mí." Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú ọrùn yẹn, tí mo tún un ṣe.

Nítorí náà, ọmọ mi, má yá owó. Àfẹ́sọ́nà rẹ ríran, mú ìmọ̀ràn rẹ̀. Ra aṣọ fúnra rẹ. Ọkùnrin tó ga níwọ̀nba, yáàdì mẹ́wàá máa ń tó o fún agbádá, bùbá àti ṣòkòtò. Gìní tó dára tàbí átíkù, èyíkéyìí tí agbára rẹ bá ká. Kó o tó ra á, fún un mọ́wọ́, tú ọwọ́, wo bó ṣe máa rún sí. Mú un lọ fún aránṣọ tí o ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lára ẹlòmíì, sọ fún un pé o fẹ́ wo inú ẹ̀wù tó ti rán kó o tó fún un lówó. Aránṣọ tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, fi í sílẹ̀. Bí owó bá ku díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn aṣọ, ọrùn ni kó lọ, torí ọrùn ni gbogbo ojú máa wà lọ́jọ́ náà. Bó o bá gbé e wọ̀ wò, jókòó, na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí o dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú, nítorí wàá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ. Ẹ̀wù tí kò bá ṣeé dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ ìyàwó níbí.

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, kí ni ọ̀nì àti ẹlẹ́ṣin tó máa ń wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì ń ṣe níbẹ̀? Ọmọ mi tó wà ní LAUTECH kò fẹ́ wọ èyí tí kò bá ní ọ̀kan nínú wọn mọ́. — Ìyá Onígaàrí, Òwódé, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ọ̀nì ni orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún René Lacoste, ará Faransé tó ń gbá tẹ́níìsì. Láyé ìgbà yẹn, ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn ni wọ́n fi ń gbá a, òógùn á sì bò wọ́n. Lacoste ṣe alápá péńpé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1933 pẹ̀lú André Gillier, ọ̀nì láyà rẹ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ ni, bí ẹ bá wò ó dáadáa. Ẹni tó ń làágùn ló ṣe é.

Ti ẹlẹ́ṣin ní ìtàn míì. Ralph Lauren ló ni ín. Akunlé ni bàbá rẹ̀, ní àdúgbò Bronx ní New York, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1939. Ralph Lifshitz ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Táì ló kọ́kọ́ ń tà ní 1967, ó sì pe ọjà rẹ̀ ní Polo, orúkọ eré tí àwọn ọlọ́rọ̀ máa ń ṣe lórí ẹṣin. Ní 1972, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ṣin jáde ní àwọ̀ 24. Nínú ìpolówó rẹ̀, ilé ńlá ni ẹ ó rí, ẹṣin, ọkọ̀ ojú omi, ìdílé tó dà bíi pé owó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìran bàbá ńlá. Ní 1986, ó sọ ilé ńlá àtijọ́ kan ní Madison Avenue di ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó bá wọlé wá ra táì lè rò pé ilé ọlọ́rọ̀ kan lòun ti yà kí wọn. Ọmọ akunlé tó mọ ohun tó máa ń wu ọmọ akunlé ni. Mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Ìlú tí a wà yìí, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti fi ìgbà kan jẹ́ ẹ̀rù fún gbogbo àyíká, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé ẹṣin ń fi ọlá hàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ tí a fi ń gún orúkọ ilé-ìwé sára yúnífọ́ọ̀mù níbí lè gún ẹṣin yẹn sáyà ẹ̀wù èyíkéyìí kí ẹ tó wọn kóńgò gaàrí méjì tán. Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ọmọ ń wọ̀, ayédèrú ni. Ẹ má bá a jà. Ọmọ tó kúrò nílé ń wá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa gbà á mọ́ra. Ẹ mú un lọ sọ́jà, ẹ ní kó yí ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sódì kó sọ èyí tí ìránṣọ rẹ̀ dára jù. Ọmọ yunifásítì ni, á rí i fúnra rẹ̀.

Bàbá, àwọn oníbàárà máa ń bi mí bóyá Swiss ni léèsì mi. Kí ni kí n máa sọ? — Oníléèsì Kékeré, Ògbómọ̀ṣọ́

Òtítọ́ ni. Léèsì tí àwọn òbí wa ń pè ní Swiss, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti Lustenau, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Austria lẹ́bàá ẹnubodè Switzerland. Láti bí ọdún 1960 sí òkè ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀ ti ń ṣe é fún Nàìjíríà, àwọ̀ àti batani tó wù wá ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ìpínlẹ̀ kan náà, Vorarlberg, ni gìní Getzner ti ń wá, láti ìlú Bludenz. Nítorí náà orúkọ Swiss fúnra rẹ̀ ti di ìpolówó. Bí o bá mọ ibi tí tìrẹ ti wá, sọ ọ́. Bí o ò bá mọ̀, fi ẹ̀yìn léèsì han oníbàárà, kó wo bí òwú ṣe dì mọ́ra.

Ọ̀gá aránṣọ, mo kí yín. Ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí, níbí ní Ọ̀yọ́. Ọjà ò yá. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí a háyà jíìpù àti ilé ńlá kan ní Ìbàdàn, kí a gba ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan, kí a ya á nínú àlàárì wa, kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní bí àwọn olówó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Owó tó máa ná wa pọ̀. Ṣé kí n gbà? — Onídìí-òfì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn pé ọmọ yín fẹ́ kí iṣẹ́ yín tà. Púpọ̀ nínú ọmọ ìdí òfì ti ju apasà sílẹ̀. Ẹ má bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ má háyà jíìpù.

Ilé-iṣẹ́ aago kan wà ní Geneva, Patek Philippe, láti 1839 ló ti wà. Láti 1996 ni wọ́n ti ń gbé ìpolówó kan jáde: bàbá àti ọmọ rẹ̀ nínú fọ́tò, wọ́n jọ wà ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ ni pé aago náà kì í ṣe tìrẹ, ò ń bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá rà á á máa rò pé kì í ṣe owó lòun ná, ogún lòun fi sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìpolówó yìí nínú ìwé ìròyìn kan, àpótí bàbá mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Sányán kan wà nínú àpótí yẹn. Bàbá bàbá mi ló dá a, bàbá mi wọ̀ ọ́ nígbà tó ń ṣe ìyàwó, ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí a sin bàbá. Àwọ̀ rẹ̀ ti di ti àgbàdo tí oòrùn ti sá, etí kan ti tinrin, mo ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti inú. Ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti fa òwú rẹ̀. Ohun tí àwọn aláago fi owó ńlá wá kiri, inú àpótí onígi ló wà ní Ọ̀yọ́ látọjọ́ yìí, a ò kàn ya fọ́tò rẹ̀ rí.

Ẹ wá ìdílé kan tí wọ́n ṣì ní aṣọ tí bàbá yín tàbí bàbá ńlá yín hun. Ó dá mi lójú pé wọ́n wà níhìn-ín. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí bàbá ilé tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í nínú èyí tí ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, ẹ lo ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, kí ọmọ yín fi fóònù rẹ̀ yà á. Kó tún ká ohùn apasà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbá a, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun kò gbọ́ ọ rí. Kó ya ọwọ́ yín níbi tí okùn ti hó o. Kó ya ẹ̀yìn aṣọ pẹ̀lú, kí wọ́n rí i pé kò yàtọ̀ sí iwájú rẹ̀.

Kí ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ gbangba, àti iye ọjọ́ tí ẹ fi hun ún. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi háyà jíìpù, ẹ fi ra òwú. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ra àlàárì náà, tí kò tíì ní aránṣọ, ẹ darí rẹ̀ sí mi ní Akẹ̀sán. N ò ní gé apá rẹ̀ kúrú.